Ìrọ̀lẹ́ Tí Bàbá Nawọ́ Sókè ní Kọ́nà Ìkẹyìn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ara yín le, pé òtútù ibẹ̀ yẹn kò sì tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí omi tí mo fi ìgbálẹ̀ gbá, èyí tí mo máa ṣàlàyé tó bá yá. Bàbá wà dáadáa. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já bí o ṣe ń kà á lọ, nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, orí mi ṣì ń wú.

O rántí pé ìwọ lo gbé iṣẹ́ olùṣètò ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ wa lé mi lọ́wọ́ nígbà tí o ń lọ. O ní iṣẹ́ kékeré ni, pé kí n ṣáà ti mú òpin ọ̀sẹ̀ tí a ó sáré, kí n pín eré sí wákàtí, kí n sì dá iye tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan máa san láti forúkọ sílẹ̀. Iṣẹ́ kékeré! Ọlọ́run ló máa bá mi mú ọ. Kò sí awakọ̀ tí owó náà kì í pọ̀ jù lójú rẹ̀, kò sì sí èyí tí kì í béèrè ìdí tí áńbúláǹsì kò fi ju ẹyọ kan lọ.

Ti ọdún yìí tún wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dókítà tó ń yẹ àwọn awakọ̀ wò sọ pé ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó fún wọn níwèé pé wọ́n lè sáré títí di ìparí oṣù òjò yìí, lẹ́yìn náà, ó tán. O mọ ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ojú ọ̀run yẹn, tí wọ́n ń tú tí wọ́n sì ń tò ní ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí mo ti ń rá, èyí tí wọ́n máa ń ní kí n wà yí àgbàlá ká kí n lè bá wọn dán bíréèkì wò. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń pè wọ́n ní Bàbá Rọra, torí pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń pariwo “rọra” mọ́, àwọn nìkan ni kì í rọra. Mo rò pé wọ́n á bínú sí dókítà náà. Wọ́n kàn ká ìwé ọ̀hún, wọ́n fi sápò, wọ́n sì padà sídìí ẹ́ńjìnnì wọn.

Àwọn tó ni pápá eré wá fún wa ní ìgbà méjì ká mú ọ̀kan. Àkọ́kọ́ bọ́ sínú oṣù òjò, kò wọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ìkejì bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìwé Bàbá á ti kú, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá sì ti fi ìjà gbé owó rẹ̀ ga. Bí a bá mú ti òjò, owó ìforúkọsílẹ̀ á rọrùn fún gbogbo ènìyàn, títí kan aránṣọ tó ń fi owó aṣọ rírán ra táyà. Àmọ́ bí òjò bá ba ọjọ́ méjèèjì jẹ́, wọn ò ní dá owó pápá padà, ẹgbẹ́ lè má dìde mọ́. Bí a bá sì mú ti ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tí àpò wọn fúyẹ́ á dúró sílé, Bàbá náà á sì dúró sílé títí láé.

Mo ronú títí. Adájọ́ tó bá ń dá ẹjọ́ ilé ara rẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́? Nígbà tí a ṣèpàdé ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù akápò wa, Ìyá Ọ̀dà, tí kálukú jókòó lé garawa ọ̀dà bí ìṣe wa, mo dìde, mo sọ ọ́ gbangba pé oṣù òjò ni oṣù ìkẹyìn bàbá mi, nítorí náà n kò ní dá sí i. Ìyá Ọ̀dà wò mí látòkèdélẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé o rò pé a ò mọ̀ ni? Jókòó jàre.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá alára wá sọ láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ má torí tèmi mú òjò o. Òjò kì í ṣe ẹbí mi.” Nígbà tí wọ́n nawọ́, owó tó rọrùn ló borí. Àpò ara wọn ni wọ́n rò, kì í ṣe bàbá mi, inú mi sì dùn bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi, òjò ọjọ́ Sátidé yẹn, bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa ni. Ẹnikẹ́ni kò tan ẹ́ńjìnnì. Àwọn awakọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń wo dígí tó ti bò fún èémí wọn. Èmi wà nínú yàrá kékeré òkè tó kọjú sí títì, mo ń wo ètò tí mo fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tò, tó ti di ìwé lásán. Mo sunkún díẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo rí i pé ọjọ́ Àìkú nìkan ló kù fún wa.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò dá, àmọ́ omi dúró ní kọ́nà ìkẹyìn bí adágún. O mọ òfin wa pé bí títì bá tutù, awakọ̀ tó dàgbà jù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín yí po, kí ọkọ̀ kankan tó gun orí rẹ̀. Bàbá mú ìgbálẹ̀ onígi gígùn kan, wọ́n bọ́ síwájú, wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Kí n tó sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn ti tẹ̀ lé wọn. Alága wa, dókítà eyín, ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fi pákó gbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ aránṣọ, bẹ́ẹ̀ orí títì nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tó ra ilé àti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó ra ilẹ̀kùn, wọ́n jọ ń gbá omi. Mo dúró, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó wọ ilé ìjọsìn, kí ẹnì kan tó ju ìgbálẹ̀ sí mi.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí. Mo ní láti rún eré ọjọ́ méjì pọ̀ sínú ọ̀kan, dandan ni kí ẹnì kan gbẹ̀yìn. Kí wọ́n má baà ní mo gbè sẹ́yìn bàbá mi, mo fi eré àwọn ọkọ̀ kékeré àtijọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìwọ kò fi eré sí àkókò yẹn rí, n kò sì bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú látàárọ̀, kò sẹ́ni tó rántí ohun tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń ṣe ní kọ́nà ìkẹyìn.

Bàbá gba iwájú kété tí eré bẹ̀rẹ̀. Háà, àbúrò mi! Ọkọ̀ kékeré yẹn ń kọrin. Ó ń wọ kọ́nà bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn kò rí àyè. Mo ti ń fò sókè nínú yàrá nígbà tí ìkùukùu là. Oòrùn kan yọ gbòò, ó bọ́ sórí títì tó tutù, gbogbo kọ́nà náà di iná funfun. Láti òkè tí mo wà, mo fọwọ́ bo ojú. Mo pe ọkùnrin tó di àsíá mú lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, mo ní kó dá eré dúró. Kó tó gbé àsíá sókè, wọ́n ti ń bọ̀ ní yípo ìkẹyìn.

Bàbá ló yọ ṣáájú. Wọ́n já síbi iná yẹn. Mo wá rí ọwọ́ kan tó yọ látojú fèrèsé ọkọ̀ náà, ó nà sókè gbọnrangandan. Ọkọ̀ náà yà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ koríko, ó rọra, ó dúró. Àwọn yòókù rí ọwọ́ náà, wọ́n dẹ ìrìn, wọ́n sì kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ló gba ipò kìíní.

Mo sáré débẹ̀ láìwọ bàtà. Bàbá gbé akoto sórí itan, wọ́n ń mí dáadáa. Wọ́n ní, “N kò rí ohun tó wà níwájú mọ́. Ó lè jẹ́ títì, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.” Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, mo ní èmi ni mo fi wọ́n sí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. O ò fẹ́ kí ayé sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣètò eré kì í wo ẹnu ayé, oòrùn ló ń wò.” Wọ́n wá ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ jáde.

Mo ti rí Bàbá tí wọ́n borí lọ́pọ̀ ìgbà, ìwọ náà ti rí i. N kò rí ohun tó tó èyí rí. Ẹni tó mọ̀ pé èyí ni ìkẹyìn òun, tó wà níwájú, tí òpin ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, tó sì fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Ọ̀dà pàápàá, tí kì í dákẹ́, kàn ń nu ojú ni.

Ẹgbẹ́ kò kú o. Owó tó wọlé ká pápá àti adójútòfò, a sì ti fohùn ṣọ̀kan pé a ó fi díẹ̀ kún owó ìforúkọsílẹ̀ tọdún tó ń bọ̀, ká lè mú ìgbà tó gbẹ díẹ̀. Àmọ́ mo dá iṣẹ́ olùṣètò padà fún ọ. O lè máa ṣe é láti ibẹ̀ yẹn lórí fóònù, má wulẹ̀ ṣàwáwí. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ojú tiwa náà ṣú sí ohun tó tọ́. Kó máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, kó dá àwọn ọmọ sí fún wa, kó sì jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀, kí ojú Bàbá ṣì ríran tó láti dá ọ mọ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ rí, tó sì lè tún pọ̀n ọ́.

Ohun tó kù: Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí Ìyá Ọ̀dà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ san fún ọkọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ìyá Ọ̀dà wo ojú wọn títí, wọ́n wá béèrè orúkọ awakọ̀ tí àwọn máa kọ. Bàbá dárúkọ mi. Jọ̀wọ́, àbúrò mi, má fi eré mi sí ìrọ̀lẹ́.