Bàtà Onítáyà Tó Ṣáájú Ẹni Tó Ni Ín Délé

Ìtalúpè,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 1985.

Mọ́ṣádé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí George ọkọ rẹ, mo sì kí Yétúndé ọmọ rẹ, ìyá mi. Mo lérò pé ara yín le dáadáa, ẹrù dídì kò sì tíì dá ọ dùbúlẹ̀. Ara tèmi náà le, bí mo bá yọ ti orúnkún kúrò, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ràsákì, ọmọ Àlàájì Sàlàkọ́ aládùúgbò wa, ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Fún un lóúnjẹ, kí o sì jókòó kà á, torí kì í ṣe lẹ́tà tí èèyàn ń kà lórí ìdúró.

Àpótí pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Wàhábì onílọ́rì ló lọ kó wọn wá láti Àpápá ní Sátidé. Ọ̀kan ti là lójú ọ̀nà, bí mo ṣe rí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn: ìkòkò, aṣọ ìbora, àti bàtà pupa kan tó ní táyà kéékèèké lábẹ́, irú èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó ń wọ̀ sáré lórí títì. Inú mi dùn. Mo nù ún, mo gbé e sórí tábìlì.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà méjì dé pọ̀, tìrẹ àti ti Yétúndé. Mo kọ́kọ́ ka tọmọ. Ó ní ẹ ń lọ ṣe ọlidé ọ̀sẹ̀ méjì létíkun ní Gáḿbíà, pé ẹ ó wá kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, kí òun tó padà sọ́dọ̀ Rose, obìnrin òyìnbó tí ẹ gbé e fún kó máa bá yín tọ́ ọ nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ń kàwé. Ó ti kìlọ̀ fún Rose pé kó má jẹ́ kí ọmọ mìíràn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ó wá ní bàtà onítáyà òun tó pupa sọnù nílé yín. Ó wá a títí, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lólè, wọ́n sì jà. Mo gbójú sókè, bàtà náà ló wà lórí tábìlì níwájú mi.

Ìgbà náà ni mo tó ṣí tìrẹ. O ní ẹ ti ń kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀n pátápátá, pé iṣẹ́ ń dúró de George ní Òdógbólú, pé Yétúndé kò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ títí ẹ ó fi dé. O wá kọ ọ́ pé, "Màámi, tó bá bi yín, ẹ ṣáà ní ọlidé ni. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, á gbàgbé." Mọ́ṣádé! Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà, èmi lo ní kí n purọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án!

N kò ní kí ẹ má sinmi o. Ẹ ti jìyà tó, ọ̀sẹ̀ méjì létíkun kò pọ̀ jù fún yín. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹ fi yanrìn àti áísìkiriìmù bo ọmọ lójú títí ẹ ó fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. O rò pé bó bá mọ̀, Rose ni yóò yàn. Ó ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, torí mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, n kò sì tíì fọwọ́ kan ọmọ yẹn rí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bàbá mi ní ká lọ ṣọdún Àjíǹde l'Áyépé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Mo wọ aṣọ tuntun, mo ń kọrin lọ́nà. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n lọ pọnmi. Kí n tó dé, ó ti lọ. Ọdún mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀. Wọn kò fìyà jẹ mí, wọ́n tiẹ̀ fi mí sílé ìwé. Ká ní ó sọ fún mi ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó bá sọ ni mo ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní èmi lòun fẹ́ràn jù nínú àwọn ọmọ òun. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." N kò gbà á gbọ́.

Torí náà, sọ fún un kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, níbi tó ti lè sáré lọ dì mọ́ Rose, kó sunkún, kó bínú sí ọ lójúkojú. Bó bá ní òun kò wá, ẹ jókòó kí ẹ jọ sọ ọ́. Bó bá gba ọdún kan, màá dúró. Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu èmi ìyá ìyá rẹ̀ kò ní jẹ́ irọ́.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ tútù sí ọ lẹ́nu. Kí ọkọ̀ tó ń gbé yín bọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Kí ọmọ rẹ máa gbà ọ́ gbọ́ títí dọjọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò bínú sí ọ,
Susannah.

Tún gbọ́: Ọjọ́ mẹ́wàá ni Ràsákì yóò lò ní Lọ́ńdọ̀n. Lẹ́tà mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo ti lẹ̀ pa. Yétúndé ló ni ín, mo sì ti fún un ní àdírẹ́sì Rose kó lè fi lé ọmọ náà lọ́wọ́ kó tó padà sílé. Má ṣe bẹ̀ ẹ́, kò ní gbọ́. Èmi ni mo kọ́ Ràsákì ní ABD. N kò tú àṣírí rẹ. Gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò ju èyí lọ: "Yétúndé ìyá mi, bi ìyá rẹ ní ọjọ́ tí wàá padà sọ́dọ̀ Rose, kí o sì máa wo ojú rẹ̀ bó bá ń dáhùn."