Láàsì Káàdì

Sunday, ìrọ̀lẹ́, Agbowó

Ẹnu mi ló kó bá mi. Póká là ń ta nílé Délé lọ́sàn-án yìí. Mo ti ní káàdì ọlọ́kàn mẹ́rin, tó bá pé márùn-ún mo ti jẹ nìyẹn. Ni mo bá ké "Láàsì káàdì!" bí ẹni tó ń ta Wọ́ọ̀tì.

Délé bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí oníwọ́ọ̀tì, ó ku ẹyọ kan, àbí?" Ó ti gbogbo owó iwájú rẹ̀ sáàárín. Tí mo bá tẹ̀ lé e, tí n kò sì rí ọlọ́kàn, owó máṣíìnì ìránṣọ mi lọ nìyẹn.

Mo ṣírò ó. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni káàdì tí n kò tíì rí, mẹ́sàn-án péré ló jẹ́ ọlọ́kàn. Mo da káàdì mi sílẹ̀, mo ní n kò ta mọ́.

Ó ṣí èyí tó kàn. Ọlọ́kàn ni. Ó tutọ́ sí i lẹ́yìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí. "Ojo!"

N kò mọ ìgbà tí mo fọ́ ìgò mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo gbogbo tábìlì.

Owó mi pé. Mo ti ilẹ̀kùn pa, mo sì ń gbọ́ ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ń bèèrè yàrá mi.