Ẹ Má Kí Ẹni Tó Ń Gé Táìlì

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja, mo ń gbé e mì, kò lọ, jẹ́ kí n kúkú tu ú síta. Ọjọ́ tí mo wá kí ọ níbi iṣẹ́, tí mo bínú jáde, tí o sáré tẹ̀lé mi dé títì tí ò ń pè mí pé kí n jọ̀ọ́ kí n dúró, tí mo wá sọ fún ọ lórí fóònù pé ariwo mọ́tò ni kò jẹ́ kí n gbọ́, irọ́ ni. Mo gbọ́ ọ ketekete. N kò kàn fẹ́ bojú wẹ̀yìn ni.

Ní báyìí tí ìyẹn ti jáde, jẹ́ kí n kí ọ bó ṣe yẹ kí bàbá kí ọmọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara rẹ le? Ìyá rẹ ní kí n yé pè ọ́ ní Abẹ́rẹ́ níwọ̀n ìgbà tó o ti sanra, àmọ́ ẹnu mi ò gba òmíràn. Ẹlẹ́dàá á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, iṣẹ́ ò ní pa ọ́ lára, omi ò sì ní gbẹ nínú ẹ̀rọ rẹ. Àdúrà tó kẹ́yìn yẹn, tuntun ni, wàá rí ìdí rẹ̀ tó o bá kà á síwájú.

Nílé, a dúpẹ́. Ìbàdí ìyá rẹ tó fi ṣubú ní balùwẹ̀ ti ń san. Ó ti ń jókòó láìkérora, ó sì ti ń bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Táìlì tó o ní ká fi tẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ náà dé láyọ̀, àfi ẹyọ kan tó fọ́, tí awakọ̀ tó kó wọn wá ní òun ò mọ ẹni tó jókòó lé e. Ẹ̀rọ tó ń fi omi gé táìlì náà bá a dé. Mo rántí pé o ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí wàá fi wá fúnra rẹ.

Ọmọ mi, mo fọwọ́ kàn án. Mo ní èmi tí mo kàwé girama jáde, ṣé ẹ̀rọ tí ọmọ mi ń lò ló máa dẹ́rù bà mí? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rù ń bà mí. Ìbínú ọjọ́sí ló tì mí. Mo fẹ́ kó o dé kó o bá ilẹ̀ balùwẹ̀ ní títẹ́, kí n lè sọ fún ọ pé a ò retí rẹ mọ́.

O ti ṣàlàyé fún ìyá rẹ pé ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí omi, pé omi ló ń mú kí abẹ rẹ̀ tutù, òun náà ni kì í jẹ́ kí eruku táìlì wọ èèyàn láyà. Mo rò ó pé ẹ̀rọ tó ti ìlú ńlá wá, inú rẹ̀ lè má gba omi kànga. Mo bá se omi, mo jẹ́ kó tutù, mo sẹ́ ẹ, mo rọra bù ú sínú ọpọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ béèrè bóyá kí òun fi ṣúgà díẹ̀ sí i.

O tún ní kí wáyà iná rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè lọ síbi tí a ti ń kì í bọ ògiri. Èmi rò pé ńṣe la fẹ́ dín eré iná kù, kó má baà sáré wọnú ẹ̀rọ. Mo bá ta wáyà ní kókó, kókó lórí kókó, bí ẹni di ẹrù igi, títí wáyà gbọọrọ fi kúrú bí ìrù ewúrẹ́.

Mo sì wo fídíò ọkùnrin tó ń gé táìlì tó o fi ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Kò dáhùn. Mo gbé fóònù súnmọ́ ẹnu dáadáa, mo tún kí i. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo sọ fún ìyá rẹ pé àìsàn tó ń ṣe ọmọ wa ló ń ṣe òun náà, mo sì pa fóònù.

Mo wá wọ ẹ̀wù funfun mi tí apá rẹ̀ gbòòrò, torí a kì í fi àkísà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. O ní kí a bo ojú, mo bá wọ awò ìkàwé mi. Táìlì tóbi lójú mi bí ilẹ̀kùn, gbogbo èyí tí mo sì kọ́kọ́ gé ló kéré jù. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ti ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Aránṣọ tó wà nílé kejì yọjú, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Ta ni wọ́n á kí tí kò ní dáhùn? Mo yíjú sí i, mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún pé kí n ṣí fìlà. Apá ẹ̀wù gba orí abẹ kọjá, ẹ̀rọ gbá a mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Mo fà, ó fà. Mo fò sẹ́yìn, ẹ̀rọ ń tẹ̀lé mi bọ̀ lórí tábìlì, àfi bí wáyà oníkókó ṣe dé òpin gígùn rẹ̀ tó já ara rẹ̀ yọ lára ògiri. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo ka ìka mi, Ìyá Aránṣọ bá mi tún un kà. Wọ́n pé. Apá ẹ̀wù nìkan ló lọ. Kókó tí mo fi àìmọ̀ ta ló yọ mí, àmọ́ má sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, kí wọ́n má baà máa ta á.

Ìyá Aránṣọ wò mí títí, ó ní, "Bàbá, tí ẹ ò bá dá mi lóhùn, ṣé kóòtù ni mo fẹ́ gbé yín lọ?"

Nígbà tí àyà mi balẹ̀, mo tún fídíò náà wò, mo sì wò ó dópin lọ́tẹ̀ yìí. Apá ẹ̀wù ọkùnrin náà ò dé ìgúnpá. Kò sí òrùka lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí aago. Awò rẹ̀ bo ojú dé ẹ̀gbẹ́, ó fi nǹkan dí etí rẹ̀ méjèèjì. Wáyà rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ikùn, omi ń kán láti ibẹ̀ sílẹ̀, kò dé ara ògiri. Ó ń ti táìlì jẹ́jẹ́, kò fipá tì í, ìka rẹ̀ sì jìnnà sí abẹ. Ẹnìkan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kò wò ó. Ìgbà tí abẹ dúró pátápátá, ó yọ nǹkan etí rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó kí gbogbo wa. Mo dá a lóhùn. Ojú tì mí.

Torí mo rántí bí o ṣe tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, tí omi funfun ta sí ọ láyà, tí mo fi gbogbo ẹnu pè ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, tí orí rẹ ò mì. N kò ní sùúrù kí abẹ dúró. Mo gbé abọ́ oúnjẹ tí ìyá rẹ fi rán mi sílẹ̀, mo lọ. Ìwọ ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ, mo ní ìlú ńlá ti ba ìwà rẹ jẹ́. Èmi tí mo ń bínú pé ọmọ ò dá mi lóhùn, èmi gan-an ni n kò dá ọmọ lóhùn. Jọ̀ọ́, fojú fò ó.

Tó o bá ń bọ̀, mú awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú dání. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú pẹ̀lú, kí Ìyá Aránṣọ lè wá aṣọ tó bá ẹ̀wù mi mu, torí gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Alápákan. Táìlì tó kù á tó, ìyá rẹ ní kí n má sọ iye tó ti bàjẹ́. Èmi ni màá máa pọn omi fún ọ, omi kànga, n kò ní sè é mọ́. Ọwọ́ rẹ á máa pé, ojú rẹ á máa ríran, ibi tó o bá tẹ́ ò ní yọ ẹnikẹ́ni ṣubú.

Lọ́la, màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi tí mo ti jókòó rojọ́ rẹ fún gbogbo ayé pé o ò kí mi. Màá tún un sọ bó ṣe jẹ́, lójú gbogbo wọn. Àmọ́ tí mo bá dé tí abẹ wà lórí ẹnìkan, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá gbé ìkíni mi dání títí yóò fi gbé abẹ kúrò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alápákan