Màmá Fi Irin Ìfọkòkò Ha Asẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Ajíbádé,

Gbogbo ilé kí yín láti Minna. Ẹ kí ìyàwó yín. Orúnkún Màmá ti san, agbára rẹ̀ tiẹ̀ ti pọ̀ jù, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Asẹ́ dí nínú táńkì tó ń sọ omi pákí ilé gàrí wa di mímọ́. Mo ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, kí ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn lè ṣí. Ẹ gba ẹ̀yìn mi pe Màmá: "Ẹ fi irin ìfọkòkò ha á." Ó ha á, asẹ́ ya, omi kíkan ṣàn wọ kànga Alhaji onílẹ̀ wa. Ó pariwo: "Haba, Fisáyọ̀! Ṣé kí ọmọ mi mu èyí? Ẹ kó ẹ̀rọ yín kúrò!"

Ẹ fi asẹ́ tuntun ránṣẹ́ kíá. Kí Olúwa fún yín níṣẹ́ ní Kánádà tí kò ní jẹ́ kí ẹ ráyè pe Màmá.

Àbúrò yín,
Fisáyọ̀