Lẹ́tà fún Ẹni Tí Wọ́n Ní Kò Sí

Ojúlé 4417, Luveve,
Bulawayo.
14 Oṣù Kẹta, 2009.

Nomagugu, ìyàwó wa ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Francistown, ṣé eyín Lwazi ti yọ tán? A dúpẹ́ níhìn-ín, àfi orúnkún Màmá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìròyìn ayọ̀ ló wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n eegun wà nínú rẹ̀, nítorí náà má fo ìlà kankan.

O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé kó o tó sọdá ẹnubodè. Nítorí pé Mthabisi ọkọ rẹ ń kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn sílẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e. Ọkùnrin kan tí wọ́n tú sílẹ̀ ní àtìmọ́lé ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ní òun gbọ́ ohùn Mthabisi níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní irọ́ ni. Adájọ́ ní òun kò lè torí ohùn tí ẹnìkan gbọ́ pàṣẹ. Ọlọ́pàá ìdí tábìlì ní àgọ́ wọn tiẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín: "Àǹtí, ṣé ẹ ti wò ó nílé obìnrin mìíràn?" Mo ní, "Ẹ júwe ilé náà fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n."

Màmá ní ká mú sùúrù, pé ọ̀gá wọn ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ní sùúrù kì í ṣe iṣẹ́. Mo tẹ àwọn tó ń kọ lẹ́tà láti òkè òkun nítorí àwọn tí ìjọba tì mọ́lé láago. Wọ́n ní ààrẹ àti mínísítà làwọn máa ń kọ̀wé sí. Mo ní ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ sí Mthabisi fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ní àtìmọ́lé yẹn, irú lẹ́tà tí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé, tí ìwé náà yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ọkùnrin ibẹ̀ ní, "Ṣebí wọ́n ní kò sí níbẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ìyẹn."

Lẹ́tà dé láti Finland, Japan àti Brazil, àpò lórí àpò. Baba Khupe, akọ̀wé àgbà tó ń gba lẹ́tà níbẹ̀, kò dá ẹyọ kan padà pé ẹni tó ni ín kò sí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, olùkọ́ obìnrin kan ní Finland fi fáàsì ránṣẹ́ sí lọ́yà wa. Ìwé ìfọwọ́sí tirẹ̀ ti padà dé. Òǹtẹ̀ àtìmọ́lé wà lórí rẹ̀, Baba Khupe sì kọ ọ́ ketekete: "A gbà á fún Mthabisi Ndlovu, yàrá kẹrin."

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan péré, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá gbọ́ ká tó dé kóòtù, wọn yóò gbé e lọ síbi tí lẹ́tà kì í dé. Lọ́yà ní òun fẹ́ tún ìwé ẹjọ́ náà kọ dáadáa, ká lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, "Lọ́yà, àṣìṣe inú ìwé kò pa ẹnikẹ́ni rí, ìdúró ló ń pani." Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, mo sì fúnra mi wa ọkọ̀ náà gbé e lọ sí kóòtù. Kí aago méjì tó lù, adájọ́ ti rán òṣìṣẹ́ kóòtù lọ sí yàrá kẹrin lójú ẹsẹ̀. Ó bá a níbẹ̀.

Lánàá ni wọ́n mú un wá sí kóòtù. Ó ti gbẹ. Eyín iwájú kan ti lọ, apá òsì rẹ̀ kò sì ṣeé gbé sókè dáadáa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà ẹsẹ̀ kan dúdú, ìkejì pupa, lẹ wọ̀ wá rí adájọ́?" Òótọ́ ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún.

Wọn kò tíì tú u sílẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà báyìí, dókítà ti rí i, a sì lè gbé oúnjẹ lọ. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹjọ́. Má tíì wálé, torí wọ́n ń béèrè ìwọ náà.

Kí Ọlọ́run bo ìwọ àti ọmọ, kí ó sì fún ọkọ rẹ lágbára títí ẹ ó fi jókòó yí àwo òkèlè àgbàdo wa, ìsítṣwala, kan ká.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ,
Sikhangezile.

Àfikún: Wọ́n wá mú Baba Khupe láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun bi í ṣáájú pé ṣé ó mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, ó ní, "Ẹni tó ni lẹ́tà wà nílé. Kí lo fẹ́ kí n kọ?" Mo lọ béèrè rẹ̀. Ọlọ́pàá tó ti bá a jókòó fún ọdún mọ́kànlá ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Mú bírò, kọ tìrẹ lónìí: Amos Khupe, àtìmọ́lé ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀. Kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.