Wọn Kò Fún Ìyá Rẹ Ní Físà

Ashraf ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Taslimah ọmọ-ọmọ mi tó ń fi òyìnbó bú mi lórí fóònù. Gbogbo ará ilé n'Ísàlẹ̀ Èkó ń kí yín. Eékún ń dùn mí, àmọ́ ẹnu mi kò ṣàìsàn.

Ẹgbẹ́ olórin wa ti gba físà láti wá kọrin lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, àfi ìyá rẹ. Àwọn tó ń fúnni ní físà bi í pé, "Màmá, ta lẹ máa padà wá bá l'Ékòó?" Ó ní, "Ọkọ mi ni. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ." Wọ́n bá dá ìwé rẹ̀ padà.

Òun ló ń lé orin, àwa yòókù kàn ń gbè é ni. Owó tí àwọn tó pè wá fi ránṣẹ́ ti bá tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Bí a ò bá wá, a ó san án padà. Bí a bá wá, ta ni yóò lé orin? Mo ní èmi ni. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó tún ń lọ aṣọ mi.

Jọ̀ọ́, bá àwọn tó pè wá sọ̀rọ̀, n ò mọ ohun tí wàá sọ. Ọlọ́hun á máa ṣọ́ yín.

Ìyá rẹ ti di ẹja gbígbẹ Taslimah sínú báàgì mi. Ó ní kí n sọ fún un pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi tí mo ń purọ́ fún gbogbo àdúgbò, n ò mọ bí n ó ṣe pa irọ́ yẹn.

Baba rẹ,
Jíbrílù