Olùkọ́ Tí Kì Í Ṣàṣìṣe

Akọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o sì ń jẹun kánú, kì í ṣe kó o kàn máa mu tíì níwájú kọ̀ǹpútà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ àti àbúrò rẹ ń kí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òwú ta kókó mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.

Mo gbọ́ ohun tó o bá ìyá rẹ sọ lórí fóònù. O ní ọ̀gá ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní kí kálukú dá ètò orí kọ̀ǹpútà kan ṣe kí oṣù tó parí, pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ á máa lọ sílé. O ní o ti wo gbogbo fídíò olùkọ́ yín tán, ó sì yé ọ yékéyéké, àmọ́ bó o bá jókòó ti tìrẹ, orí rẹ á ṣófo, pé o fẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́ kó o máa bọ̀. Inú mi bàjẹ́, mi ò sì gbà.

Mo ní kí àbúrò rẹ ṣí olùkọ́ náà fún mi lórí fóònù. Mo kọ́kọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, torí kò yẹ kí olùkọ́ ọmọ ẹni bá èèyàn nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó kí wa káàbọ̀ nínú ilé tiwa, mo gbójú fò ó. Mo bi í bóyá o máa ń sùn ní kíláàsì, kò dáhùn. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì títí dátà fi tán, kò sì dágbére. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé kò ṣàṣìṣe rárá, ohun gbogbo tó bá tẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ nìyẹn?

Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ níṣẹ́ télọ̀. Ó máa ń jókòó tì mí, ohun tí mo bá gé, á ní òun ti rí i. Ọjọ́ tí mo gbé sísọ́ọ̀sì fún un, ó rán ṣòkòtò tó jẹ́ ẹsẹ̀ òsì méjì. Mo wọ̀ ọ́ jáde torí ìfẹ́, gbogbo ẹni tó pàdé mi ló ń yà fún mi, wọ́n rò pé mo fẹ́ yà sápá òsì. Mi ò bá a tún un ṣe o. Mo ní kó gé òmíràn, kó rán an fúnra rẹ̀, mo sì jáde. Ó sunkún, ó gé aṣọ tuntun, ó rán òmíràn. Lónìí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju tèmi lọ, àmọ́ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, pa fídíò yẹn. Mú apá kékeré kan, ṣe é fúnra rẹ. Tó bá bàjẹ́, kọ́kọ́ wo ibi tó ti bàjẹ́. Tó bá lọ́jú pọ̀, bi ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó, abèèrè kì í ṣìnà. Kó o sùn, kó o tún un ṣe lọ́la láìwo ti ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo wé bíléèdì tí mo fi ń tú aṣọ sínú lẹ́tà yìí. Ibi tí iṣẹ́ náà bá ti dàrú nínú kọ̀ǹpútà, fi tú u jẹ́jẹ́, má gé ibi tó dáa mọ́ ọn.

Ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ dè ọ́. Èmi ti tú bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo ti gbé máṣíìnì mi síbẹ̀. Láti àná ni ìyá rẹ kò ti bá mi sọ̀rọ̀, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́. Mo fẹ́ máa ṣọ́ olùkọ́ yẹn títí á fi ṣàṣìṣe kan, kí n lè fi hàn ọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ ohun tí ojú rẹ ti rí.

Gbogbo nọ́ọ̀tì tí mo tú lára bẹ́ẹ̀dì rẹ wà lápò ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì yẹn, mi ò jù ú nù látọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí ètò tìrẹ bá ṣiṣẹ́, máa bọ̀ wá sùn.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.